Ta Ni Yóò Dá Oníkpayó Lóhùn?

Epo kpayó ló rán mi nílé ẹ̀kọ́ mọ̀ráàlì. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ẹ̀bá ọ̀nà tó jáde láti Kétu, ti orílẹ̀-èdè Benin níbí, lọ sí Ìlárá ni ìyá mi ti ń ta bẹntiróò nínú ìgò. Owó tó ń ti ibẹ̀ jáde ló fi san owó ọkọ̀ mi lọ sí sẹ́mínárì, òun náà ló sì fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi ní Àbíjáǹ nígbà tí mò ń kọ́ bí Ìjọ Kátólíìkì ṣe ń ya ohun tó tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò tọ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kpayó ni epo tó ń ti ọ̀dọ̀ yín wọlé sọ́dọ̀ wa nínú bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì yín nìyẹn, tí kò san owó ibodè, tí kò gba ilé epo kọjá. Àwọn Gùn ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí kì í ṣe ojúlówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúlówó ni ọbẹ̀ tí a fi owó rẹ̀ sè.

Mo ṣì wà ní kọlẹ́ẹ̀jì nígbà tí ìyá mi ti ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́dọ̀ Mọ̀ǹpẹ́ẹ̀, fadá ìjọ wa, ní ọ̀sán Sátidé kan. Ó jókòó sórí àpótí, kò tilẹ̀ tú gèlè.

“Ọkọ mi, mo bi Mọ̀ǹpẹ́ẹ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni epo tí mò ń tà.”

“Kí ni wọ́n wí, Màámi?”

“Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n má tà á mọ́.” Ó mí kanlẹ̀. “Ṣùgbọ́n lítà márùn-ún ni wọ́n rà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ àná.”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti gba Ara Olúwa lọ́jọ́ kejì, ó sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, òun yóò tún kó ìgò síta, torí èmi nìkan kọ́ ni mo ń lọ sílé ìwé. Àbúrò mẹ́ta wà lẹ́yìn mi.

Ó ya èmi lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo wá mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tí wọ́n ń gba owó oṣù nítorí irú ìbéèrè yìí. Onímọ̀ mọ̀ráàlì ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mú Ìwé Mímọ́, ẹ̀kọ́ Ìjọ àti làákàyè ọmọ ènìyàn, kí wọ́n fi wọ́n yẹ ìgbésí ayé wò: owó, ìgbéyàwó, ogun, oògùn, oyún, òfin ìjọba, afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé báyìí, Porto-Novo yín nìyẹn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì ní èdè Faransé àti filọ́sọ́fì, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í wo ìkéde iṣẹ́ àwọn onímọ̀ mọ̀ráàlì lórí fóònù mi. Lísáǹsì mọ̀ráàlì, oyè tó tẹ̀ lé oyè àkọ́kọ́ nínú tẹolójì, wà nínú àpótí mi. Iṣẹ́ mọ̀ráàlì ni kò tíì sí lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó di iṣẹ́ tó dá dúró kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ní 1551, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Trento pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ gbọ́dọ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, irú tó jẹ́ àti iye ìgbà tó dá a. Ní 1563, ìpàdé kan náà ní kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá sẹ́mínárì sílẹ̀. Ẹ so méjèèjì pọ̀. Àlùfáà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń wọn ẹ̀ṣẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Bí ìwé ńláńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn, tí wọ́n to ọ̀ràn sínú wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń to iṣu sínú abà: ẹni tó jí adìyẹ nígbà ìyàn, ẹni tó búra lábẹ́ ìbẹ̀rù, ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé àkàbà fún ọ̀gá rẹ̀ tó ń lọ bá obìnrin lóru.

Mo rí ìyá mi nínú àwọn ìwé yẹn. Láti ọ̀rúndún 16 ni àwọn kan láàárín wọn ti ń sọ pé òfin ìjọba kan wà tí kò de ẹ̀rí-ọkàn: bí wọ́n bá mú ọ, san ìtanràn; bí wọn ò bá mú ọ, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ. Owó ibodè sì ni àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń mú wá. Fàyàwọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn àlùfáà olóyè ní ilẹ̀ Yúróòpù ń jiyàn lórí fàyàwọ́ ní èdè Látìn kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà Ìlárá. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n, wọ́n ní ìlú tí kò rí owó orí gbà kò lè la ọ̀nà, kò lè tọ́jú aláìsàn, nítorí náà ẹni tó bá ń sá fún un ń ja aládùúgbò rẹ̀ lólè. Ìpàdé Fatikáánì Kejì gba ọ̀nà ti àwọn yìí ní Oṣù Kejìlá 1965, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìjọ nínú ayé òde òní: ó bá àwọn tó ń fi ẹ̀tàn sá fún owó orí tó tọ́ wí, ó sì fi àwọn tó ń fojú kékeré wo òfin ìlera àti òfin eré sísá lójú títì kún un. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ọjọ́ tí mo ka apá àkọ́kọ́ ní ilé ìkàwé Àbíjáǹ, ó kù díẹ̀ kí n pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀. N kò pè é. Mo mọ obìnrin náà. Bí mo bá ní kó má dààmú, yóò ní kí ló wá dé tí Mọ̀ǹpẹ́ẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láàárín gbogbo àwọn baba iṣẹ́ yìí, Alphonsus Liguori ni tèmi. Amòfin ni ní Naples kó tó di àlùfáà. Ẹjọ́ ńlá kan bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1723, ó ní òun kò ní tẹ ilé ẹjọ́ mọ́, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ̀kọ́ líle ni wọ́n kọ́ ọ nínú mọ̀ráàlì, irú èyí tó máa ń lé èèyàn sá nídìí ìjẹ́wọ́. Nígbà tó bọ́ sáàárín àwọn darandaran ewúrẹ́ lórí òkè Scala, níbi tó ti dá ẹgbẹ́ Redemptorist sílẹ̀ ní 1732, ojú rẹ̀ là sí irú àwọn èèyàn tí àwọn tó kọ ìwé kò bá jókòó rí. Ìwé ńlá tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1748. Ní 1950 ni Póòpù Pius Kejìlá fi í ṣe alágbàwí àwọn tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ àti àwọn onímọ̀ mọ̀ráàlì. Ní ti èmi o, àwọn darandaran yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní oyè.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọjà iṣẹ́ náà ṣe rí, torí àwọn ọmọ tó ń jáde ní sẹ́mínárì máa ń pè mí, wọ́n á ní, “Bùrọ̀dá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, níbo ni iṣẹ́ wà?” Oyè àkọ́kọ́ nínú tẹolójì kò tó. Lísáǹsì ló tẹ̀ lé e, ọdún 2 ni. Òun ni òfin Ìjọ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ sẹ́mínárì àgbà. Dókítọ́rà ni ti yunifásítì. Ní Róòmù, àwọn Redemptorist dá Accademia Alfonsiana sílẹ̀ ní 1949, mọ̀ráàlì nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ wọn, Studia Moralia, ti ń jáde láti 1963. Ṣùgbọ́n èdè Itálì ni ẹ óò fi gbọ́ ẹ̀kọ́. Leuven wà ní Belgium, Fribourg wà ní Switzerland. Strasbourg máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ilẹ̀ Faransé tó ń pariwo pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò kan ìjọba, òun ló ń sanwó oṣù àwọn tó ń kọ́ tẹolójì Kátólíìkì ní yunifásítì ibẹ̀, torí àdéhùn tí Napoléon bá Póòpù ṣe ní 1801 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní apá ibẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ lásán tó ní aya àti ọmọ, ẹ má fojú fo irú àga bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà ni ìkéde ti pọ̀ jù. Àwọn yunifásítì Kátólíìkì ibẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ mọ̀ráàlì níbẹ̀ lónìí kì í ṣe àlùfáà, obìnrin sì wà láàárín wọn dáadáa. Láàárín Oṣù Kẹsàn-án sí Oṣù Kọkànlá ni ìkéde máa ń rọ́ jáde, fún iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ fi àlàyé bí ẹ ṣe ń kọ́ni ránṣẹ́, kí ẹ fi ohun tí ẹ ti tẹ̀ jáde sí i, kí èèyàn mẹ́ta jẹ́rìí yín. Ibi ẹlẹ́rìí mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ́rìí èmi, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ti di bíṣọ́ọ̀bù, kò ráyè mọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ yìí ní ìwé àṣẹ. Òfin Ìjọ ti 1983, orí 812, sọ pé ẹni tó bá ń kọ́ tẹolójì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Kátólíìkì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ Ìjọ. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Róòmù fi òǹtẹ̀ lù, Róòmù fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé òun kò rí ohun ìdènà kí wọ́n tó fi ẹ sórí àga pátápátá. Wọ́n sì lè gba ohun tí wọ́n fún ọ padà. Charles Curran, àlùfáà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti àwọn nǹkan mìíràn. Ní 1986 Róòmù ní kò yẹ mọ́ láti máa kọ́ tẹolójì Kátólíìkì, àga rẹ̀ ní yunifásítì Kátólíìkì ní Washington lọ. Yunifásítì àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Texas ló ti wá rí àga jókòó. Ẹ má sì rò pé apá kan ṣoṣo ni igi ń wó sí. Ní 2019, nígbà tí wọ́n tún ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ John Paul Kejì ní Róòmù tò, èyí tó wà fún ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ẹbí, àga mọ̀ráàlì ìpìlẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n pa rẹ́, ẹni tó jókòó lé e sì jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó tako Póòpù John Paul. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀ka kan ní Kútọnú níbí, fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Nígbà tí ìròyìn náà dé, bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ l'Ékòó ni gbogbo wa ṣe ń pe ara wa.

Nílé ńkọ́? Nílé, ìkéde kò sí. Ìwé ìyanṣẹ́ ló wà. Ní àsìkò ìsinmi ọdún, bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan yóò fi ìwé jáde: Fadá Lágbájá lọ sí ìjọ báyìí, Fadá Làkásègbè ń lọ kọ́ mọ̀ráàlì ní sẹ́mínárì. Àlùfáà kò wá iṣẹ́, iṣẹ́ ni wọ́n fi wá a. Nígbà mìíràn ẹni tí wọ́n rán kò tilẹ̀ fẹ́ràn mọ̀ráàlì, ìwé Májẹ̀mú Láéláé ló wù ú, ṣùgbọ́n àga ṣófo, a sì gbọ́dọ̀ rí ẹni dí i. Mo bá wọn gbé ní Saint-Gall ní Ouidah, sẹ́mínárì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1914, tí ibojì Kádínà Gantin, ọmọ ilẹ̀ wa, wà. Mo mọ bí àwọn olùkọ́ mi ṣe ń ṣiṣẹ́: kọ́ọ̀sì mẹ́ta, ìjọ abúlé kan lọ́jọ́ Àìkú, òkú sísin láàárín ọ̀sẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kọ̀wé?

Mo kúrò ní sẹ́mínárì kí wọ́n tó fi mí jẹ díákónì. Ìtàn yẹn kò kan ẹnikẹ́ni, àfi ìyàwó mi tó ń jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí mo ti Àbíjáǹ dé pẹ̀lú lísáǹsì, mo kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n pè mí, wọ́n fún mi ní kọfí. Ọ̀gá ibẹ̀ ka ìwé mi tán, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà yín, màá san owó ilé yín, owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín, owó ìfẹ̀yìntì yín. Fadá, oúnjẹ àti epo alùpùpù ni.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìyẹ̀yẹ́. Ìṣirò ni. Mo dúpẹ́, mo mu kọfí mi tán, mo gun zémidjan, ọ̀kadà yín nìyẹn, padà sílé ní Ouando. Epo tí onízém rà lójú ọ̀nà, inú ìgò ló ti jáde.

Nítorí náà ni n kò ṣe fẹ́ kí ẹ máa tan àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣáà kàwé, ilẹ̀kùn á ṣí. Ìbéèrè pọ̀ nílẹ̀ bí yanrìn, àga tí wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀ ni kò sí níbi tí ìbéèrè gbé wà. Ìròyìn tó sọ pé àga wà, ní Boston ni. Ẹni tó bá sì jókòó ní Boston, ìbéèrè Boston ni wọn yóò máa bi í. N kò bú wọn. Bí wọ́n bá pè mí lọ́la, màá lọ, kí ẹ mọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ti lọ kò sì sùn. Bénézet Bujo, ọmọ Kóńgò, kọ́ mọ̀ráàlì ní Fribourg fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé àpérò, níbi tí àgbà àti ọmọdé tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń sọ tẹnu wọn títí ojútùú yóò fi jáde, jẹ́ ọ̀nà àtidá ohun tó tọ́ mọ̀, pé àwọn baba ńlá wa náà wà nínú àpérò yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò dókítọ́rà kí èyí tó yé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọ Nàìjíríà ni Paulinus Odozor tó ń kọ́ mọ̀ráàlì ní Notre Dame, bẹ́ẹ̀ náà ni Orobator, Jésúítì tó ń kọ̀wé lórí Ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹgbẹ́ kan tún wà tí James Keenan, Jésúítì ará Amẹ́ríkà, kó jọ, Catholic Theological Ethics in the World Church ni wọ́n ń pè é. Bíi 400 èèyàn ló péjọ ní Padua ní 2006, bíi 600 ní Trento ní 2010, ní ìlú tí iṣẹ́ náà ti gbérí. Wọ́n tún pàdé ní Sarajevo ní 2018. Ohun tí mo yìn wọ́n fún jù ni owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ran àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́ láti gba dókítọ́rà mọ̀ráàlì, lórí ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Màsẹ́ẹ̀ kan tí mo mọ̀, sísítà Kátólíìkì, sọ pé kí irú owó bẹ́ẹ̀ tó dé, àwọn ọkùnrin nìkan ló ń ṣàlàyé oyún fún àwọn ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní Kétu, kí ẹnikẹ́ni tó gbé lísáǹsì dé, a ti ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, òru ló sì ń ṣe é. Ẹ̀fẹ̀ ni. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá ńlá ọmọ aráyé ní 2001, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde sí ọjà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Yóò kọ́kọ́ júbà. Yóò júbà àwọn ìyá wa, yóò júbà àgbà, nítorí ẹni tí kò bá júbà kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọrin kan ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, olóyè tó jẹ owó ìlú, ọmọ tó di ọlọ́rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń tọrọ jẹ. Olúwarẹ̀ lè wà nínú èrò, kí ó máa pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, kí òógùn máa bọ̀ lára rẹ̀. Wọ́n ní kí àwa ọmọ katikísímù má lọ. Ṣùgbọ́n etí kò ní ìlẹ̀kùn, a ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, a sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ kíláàsì mọ̀ráàlì, tí olùkọ́ ní iṣẹ́ wa ni láti tọ́ ẹ̀rí-ọkàn sọ́nà, Ẹ̀fẹ̀ ni mo rántí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Ẹ̀fẹ̀ mọ orúkọ gbogbo wọn.

Mo dá ìyá mi lóhùn níkẹyìn. Ọdún Kérésìmesì kan ni, mo ti Àbíjáǹ wálé. Mo sùn nínú yàrá tí àwọn àbúrò mi ń sùn, òórùn epo kò jẹ́ kí n fojú kan oorun, torí bídọ́ọ̀nù mẹ́fà wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìdì aṣọ bò wọ́n nítorí àwọn dùwáànì, àwọn aṣọ́bodè. Láti ọdún tó ti ń bi mí, orí owó ibodè ni èmi àti ìwé mi ti ń jà. Ní òru ọjọ́ yẹn ni gbólóhùn ìpàdé Fatikáánì lórí òfin ìlera padà sí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a lẹ́bàá iná, mo kúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni mí tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀, àyè ibẹ̀ ni kò gba ìdọ̀bálẹ̀.

“Màámi, ẹ̀yin ń tà kí àwa lè jẹun. Àwọn tó ń kó o ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àgbá, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ tiwọn lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìjọba tí kò fún yín ní iṣẹ́ mìíràn, ẹjọ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú yàrá àwọn ọmọ, Màámi, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀.”

Ó wo iná. Ó dìde, kò sọ̀rọ̀, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó bídọ́ọ̀nù jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ẹ̀yìn ọgbà. Nígbà tó gbé ìkẹfà jáde, ó bi mí pé, “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi láti ọjọ́ yìí?”

Bóyá ìdáhùn yẹn yóò gba máàkì ní Róòmù, n kò lè fi dá yín lójú. Mo mọ̀ pé yàrá náà ni mo ti rí i. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 2023, ibùdó kpayó kan gbiná ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ibodè, èèyàn tó ju 30 ló jóná kú. Ìyá mi ti fi òwò náà sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, kì í sì í ṣe nítorí mọ̀ráàlì mi: Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ epo ní òpin Oṣù Karùn-ún ọdún náà, èrè inú kpayó gbẹ, ó bọ́ sídìí gàrí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìròyìn iná náà dé, ó pè mí, kò kí mi, ó ní, “Bídọ́ọ̀nù mẹ́fà,” ó sì pa fóònù.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún onímọ̀ mọ̀ráàlì ní ilẹ̀ yìí kò lóǹkà. Ní 2023, ìwé tí àwọn tó ṣe Sínóòdù ní Róòmù kọ jáde ní kí àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà gbé ọ̀rọ̀ ìkóbìnrinjọ yẹ̀wò, bí a ó ṣe tọ́jú àwọn olóbìnrin púpọ̀ tó fẹ́ gba ìgbàgbọ́. Ta ló yẹ kó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ẹni tó mọ ìyàwó kejì tó ti pé ọmọ 60 ọdún, tí wọ́n ń sọ fún pé kó lọ kí bàbá lè rí ìrìbọmi gbà. Láti ìgbà tí àwọn aṣòfin wa fẹ òfin oyún ṣíṣẹ́ lójú ní 2021, àwọn nọ́ọ̀sì Kátólíìkì ń bi wá pé, bó bá jẹ́ pé irinṣẹ́ nìkan ni àwọn tò sílẹ̀, ṣé àwọn ti lọ́wọ́ sí i? Alphonsus ti da irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rò láti ọ̀rúndún 18, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò ní Látìn. Ilé ìwòsàn Ìjọ wà, ti Saint-Jean-de-Dieu ní Tanguiéta ń gba aláìsàn láti ìlú tó jìnnà. Bí irú wọn bá ní onímọ̀ mọ̀ráàlì kan tó ń gbowó oṣù, màá sọ pé ayé ti ń yí padà. Póòpù Leo Kẹrìnlá tí wọ́n yàn ní Oṣù Karùn-ún 2025 sọ fún àwọn kádínà lẹ́yìn ọjọ́ méjì pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn wà lára ohun tó jẹ́ kí òun mú orúkọ Leo, gẹ́gẹ́ bí Leo Kẹtàlá ṣe sọ̀rọ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ní 1891. Láti ìgbà náà, mo ń rí ìkéde tó ń dárúkọ ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, àyè yín rèé.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, mo mọ ibì kan tí wọ́n ti ń ṣe mọ̀ráàlì láìpè é bẹ́ẹ̀. Songhaï ni, oko ńlá tí Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican, dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì, ìdọ̀tí ẹran di oúnjẹ ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja, ọmọ tí kò níṣẹ́ di àgbẹ̀ tó lówó lọ́wọ́. Mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ síbẹ̀ nígbà tí a bá ń ka ohun tí Póòpù Francis kọ lórí ilé ayé tí a jọ ń gbé ní 2015. Wọn kì í rántí ìwé náà. Ìdin ni wọ́n ń rántí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkéde kan wọlé: àyè ọdún kan fún onímọ̀ mọ̀ráàlì láti ilẹ̀ Áfíríkà, ọmọ ìjọ lásán lè dá sí i, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfúrufú àti ilé. Ọ̀rọ̀ 500 ni wọ́n ní kí n fi sọ ohun tí mo fẹ́ ṣèwádìí. Mo jókòó lábẹ́ fáànù, ìyàwó mi ń lọ ata, mo kọ fàyàwọ́, ẹ̀rí-ọkàn àti ewu iná. Nígbà tí mo dé ibi bídọ́ọ̀nù mẹ́fà, ọwọ́ mi dúró. Mo pe Kétu.

“Màámi, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé kan.”

“Ọ̀rọ̀ wo?”

“Ti epo.”

Mo gbọ́ ariwo ọjà, ẹnìkan ń ná gàrí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ẹni náà dúró ná.

“Ọkọ mi, kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má fi orúkọ mi sí i. Àwọn dùwáànì náà ń kàwé.”